Ta Ni Ó Ń Pé Àádọ́ta Ọdún Nínú Sinimá Èkó?

Èrò kan gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń ṣe sinimá ní Èkó àti àwọn tó ń yìn wọ́n, pé níwọ̀n ìgbà tí obìnrin bá ti jẹ́ ọ̀gá nínú fíìmù, tí Yorùbá, Ìgbò, Hausa àti ará Niger Delta sì jọ fara hàn nínú rẹ̀, ìṣojú ti pé, ìyẹn ni pé gbogbo irú ènìyàn tó ń gbé ìlú ti rí ara wọn lójú agbo. Èrò náà kò kún tó, pàápàá nínú àwọn fíìmù aláwàdà tó kan ìdààmú ọ̀sán ayé, èyí tí í ṣe ìpòrúurùu ọkàn tó máa ń bá ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún nígbà tó bá ṣírò ohun tó ti fi ayé rẹ̀ ṣe. Nígbà tí Elliott Jaques, onímọ̀ ìṣesí ọkàn ọmọ Kánádà, kọ àpilẹ̀kọ lórí ìdààmú yìí ní 1965, àwọn gbajúgbajà ayàwòrán àti olórin Yúróòpù ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó dà bíi pé sinimá Èkó kò tíì kúrò lọ́dọ̀ irú àwọn gbajúmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Fifty, tí Biyi Bandele darí fún EbonyLife Films ní 2015, kì í ṣe àwàdà pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣí ọ̀nà fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ireti Doyle, Nse Ikpe-Etim, Omoni Oboli àti Dakore Akande ṣe obìnrin mẹ́rin tó ti dé bèbè àádọ́ta ọdún, tí ọ̀kan jẹ́ dókítà tó ń tọ́jú aboyún, tó sì ń fẹ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin, tí òmíràn sì lóyún fún ọkọ ọlọ́kọ. Ìyìn tọ́ sí fíìmù náà, nítorí ìyá ọkọ òṣìkà tàbí àjẹ́ ni obìnrin ọlọ́jọ́ orí bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nínú fíìmù wa, ṣùgbọ́n Ìkòyí àti Victoria Island ni ayé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ sí.

Àwọn kan yóò tọ́ka sí A Tribe Called Judah, tí Funke Akindele gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2023, fíìmù Nollywood àkọ́kọ́ tó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá Nàìjíríà, nípa ìyá tó bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún láti ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀yà pé níbẹ̀, òṣì náà kò sì fara sin. Síbẹ̀, àìsàn kíndìnrín ìyá náà ni ìtàn nílò kí àwọn ọmọ lè rí ìdí jalè, ohun tó wà lọ́kàn obìnrin náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan kan.

Ẹ wo ẹni tí àwọn fíìmù yìí gbójú fò. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun Èkó lábẹ́ Raji Rasaki wó Maroko, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù, nǹkan bí 300,000 ènìyàn sì di aláìnílé, tí díẹ̀ nínú wọn rí ibi forí pamọ́ sí ní Ilasan àti Ikota, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ajah. Ará Maroko tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà ti kọjá àádọ́ta báyìí, ó sì ti fojú rẹ̀ rí i bí ilẹ̀ ibi tí ó ti dàgbà ṣe di ilé olówó, tí Palms, ilé ìtajà ńlá tó ní ilé sinimá nínú, sì dúró nítòsí ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá wà tó lè jókòó kí ó bi ara rẹ̀ pé ibo ni ọgbọ̀n ọdún gbà lọ, òun ni. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ọlọ́dẹ tó ń ṣí géètì, tàbí obìnrin tó ń fọ aṣọ, tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ẹnu rẹ̀ pa òǹwòran lẹ́rìn-ín kí ó tó kúrò lójú agbo.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìbànújẹ́ mẹ̀kúnnù kò ṣe é fi ṣe àwàdà. Moses Olaiya, aláwàdà tí wọ́n ń pè ní Baba Sala, ti já ọ̀rọ̀ yẹn ní irọ́ ní 1982 nínú Ọ̀run Móoru, tí Ola Balogun darí, níbi tí oníṣòwò tí àwọn gbájúẹ̀ ti lù ní jìbìtì ti fẹ́ pa ara rẹ̀, tí àwọn òǹwòran sì rẹ́rìn-ín títí. Àwọn tó jí fíìmù náà dà kọ ni ó sọ Olaiya di onígbèsè, kì í ṣe àìsí òǹwòran.

Ó yẹ kí àwọn tó ń ya fíìmù ní òpópónà Lekki gba òǹkọ̀wé ìtàn láti àwọn àdúgbò bíi Ilasan, Langbasa àti Badore sí iṣẹ́, kí wọ́n sì fún ọlọ́dẹ yẹn ní orúkọ, ọjọ́ orí, àti ó kéré tán ìran kan tí kò ti ní bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Òǹkàwé kan,
Ajah, Ìpínlẹ̀ Èkó