Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣọ́ Ẹranko Ìwádìí: Ìlànà Wo Ni Ó Tọ́?

Eku tàbí ehoro tí a so wáyà mọ́ lára nínú yàrá ìwádìí kò lè ké sí wa pé iná mànàmáná ń gbé òun. Ọwọ́ àwọn tí ó ra ẹ̀rọ náà ni ẹ̀mí rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀mí òṣìṣẹ́ tí ń dì í mú wà. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa, tí ń ná owó ìlú, mọ ìlànà ààbò tí wọn yóò béèrè.

Ìwé ìlànà méjì ni ó wà nílẹ̀. Àjọ IEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1906, ni ó ṣe méjèèjì. Èkíní, IEC 61010-1, wà fún ẹ̀rọ ìwọ̀n àti ti yàrá ìwádìí. Ẹni tí ń lo ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ ń dáàbò bò. Èkejì, IEC 60601-1, wà fún ẹ̀rọ ìṣègùn. Ó ń ṣọ́ aláìsàn pẹ̀lú.

Àwọn kan wí pé èkejì ni kí a mú, nítorí àtẹ̀jáde 2005 rẹ̀ sọ pé ènìyàn tàbí ẹranko ni aláìsàn lè jẹ́. Àwọn mìíràn dáhùn pé eku ìwádìí kì í ṣe aláìsàn, nítorí a kò gbé e wá fún ìwòsàn. Ní tiwa, ìjà orúkọ kò gba ẹ̀mí là. Iná tí ń jò ni kí a wò. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ láìlábùkù, ìwé èkíní gba 0.5 milliampere láàyè níbi tí ọwọ́ lè kàn. Ìwé èkejì kò gbà kí ó ju 0.01 lọ fún wáyà tí ó dé inú ọkàn. Ìlọ́po 50 ni ìyàtọ̀ náà. Iná tí awọ ara fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ lè da ìlù ọkàn rú bí ó bá gba inú wọlé.

Ìmọ̀ràn wa nìyí: kí IEC 61010-1 jẹ́ ìpìlẹ̀, kí òṣìṣẹ́ lè padà sílé láàyè, ṣùgbọ́n níbikíbi tí wáyà bá ti wọ inú ara ẹranko, kí a fi òdiwọ̀n iná jíjò ti IEC 60601-1 kún un. Kí a kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kí a tó sanwó, kí a sì rí i pé wáyà ilẹ̀ ilé náà pé.

Bí ẹnikẹ́ni bá wí pé ẹranko lásán ni, kí ó rántí pé iṣirò èké ni ẹranko tí iná ń gbé yóò fún wa, orí iṣirò bẹ́ẹ̀ ni a ó sì gbé oògùn ọmọ wa kà. Kí ẹ̀yin olùkọ́ fi èyí yé àwọn ọmọ. Kí àwọn aṣòfin tí a dìbò fún sì bi àwọn tí ń náwó léèrè. Igi gan-n-gan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.