Ẹ Má Tíì Kì Wọ́n Bọ Omi

Lẹ́tà kan wà lọ́wọ́ mi lóṣù yìí tí mo rò pé ó yẹ kí gbogbo wa jùmọ̀ gbọ́ èsì rẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ló kọ ọ́. Ìyá onílé rẹ̀, opó kan ní ìhà Phibsborough, ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ó sì fún un ní àpótí pákó kan tó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé. Ohun tó wà nínú àpótí náà kì í ṣe owó, kì í sì í ṣe góòlù. Àwọn pẹlẹbẹ róbótó aláwọ̀ oríṣiríṣi ni, irú èyí tí àwọn tó ń ta káàdì fi ń dípò owó nídìí póká, tí wọ́n ń pè ní ṣíìpù. Àbúrò wa ní wọ́n dọ̀tí, wọ́n ń rùn sìgá, òun sì ti po bílíìsì mọ́ omi gbígbóná sínú bàsíà. Ó fẹ́ kí wọ́n dán kí òun tó gbé wọn lọ sí ilé gbàǹjo, kí òun lè rí kún owó ilé-ìwé táàmù tó ń bọ̀. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé wákàtí mélòó ni kí òun fi wọ́n sínú omi náà.

Àbúrò, da omi yẹn nù lónìí.

Kí n tó lọ síwájú, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò máa bi ara wọn pé kí ni ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ ń wá nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́ o. Ẹni tó ń kó ọpọ́n ayò àtijọ́ jọ, kò di dandan kí ó mọ ayò ta. Ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti mú fún ogójì ọdún ti di ohun ìtàn, ìbáà jẹ́ ọmọ ayò, ìbáà jẹ́ ṣíìpù.

Ìtàn náà kò sì kéré ní ìlú tí a wà yìí. Ní 1791 ni wọ́n ṣí ilé tuntun Daly's Club ní College Green, nítòsí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìgbà náà, ibẹ̀ sì ni àwọn ọlọ́lá ti ń fi owó ńlá ta káàdì. Láyé ìgbà yẹn, àwọn ìdílé olówó a máa ránṣẹ́ dé Canton ní ilẹ̀ Ṣáínà kí wọ́n lè bá wọn gbẹ́ àmì tẹ́tẹ́ láti ara ìkarahun dídán, òmíràn róbótó, òmíràn rí bí ẹja, pẹ̀lú àmì ìdílé wọn lára rẹ̀. Póká fúnra rẹ̀, Amẹ́ríkà ló ti wá. Ọkùnrin ará Dublin kan tó ń gba tẹ́tẹ́ ẹṣin, Terry Rogers, ló rí irú tí wọ́n ń pè ní Texas Hold'em ní Las Vegas tó sì gbé e wá sílé. Ní 1980 ó dá ìdíje Irish Open sílẹ̀. Obìnrin kan, Colette Doherty, ló gba ipò kìíní nínú èyí àkọ́kọ́, ó sì tún gbà á ní 1991. Ìdíje náà wà títí di òní. Ní 2023, gbọ̀ngàn RDS ní Ballsbridge ni wọ́n ti ṣe é. Nítorí náà, bí ẹ bá bá àpótí ṣíìpù pàdé nínú ilé arúgbó kan ní ìlú yìí, ẹ má ṣe kà á sí ohun ìṣeré ọmọdé.

Ní ti òórùn sìgá tó wà lára wọn, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu. Ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2004 ni òfin fi òpin sí sìgá mímu níbi iṣẹ́ àti ní ilé ọtí ní Ireland. Ohunkóhun tí wọ́n ti lò nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà, èéfín ti wọ̀ ọ́ lára.

Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, gbogbo ṣíìpù kọ́ sì là ń fọ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi ṣe é. Èyí tí wọ́n ń pè ní ti amọ̀ kì í ṣe amọ̀ ìkòkò. Láti nǹkan bí 1880 sí 1890 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń po amọ̀ pọ̀ mọ́ oje tó ń le bí òkúta, tí wọ́n ń fi iná àti ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Àwọ̀ tí ẹ ń rí létí irú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀dà: wọ́n gé etí náà, wọ́n ki amọ̀ aláwọ̀ mìíràn bọ̀ ọ́, kí wọ́n tó tún un tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ náà fi gba iwájú já sí ẹ̀yìn. Lẹ́tà wúrà ojú rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí bébà wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ mọ́ ọn, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ bó. Bí ṣíìpù bá wọn gíráàmù 11 àti ààbọ̀, tí mágínẹ́ẹ̀tì sì ń fà á, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ike tí wọ́n fi irin sí nínú. Èyíinì kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ láyé, bó bá sì bàjẹ́, ọjà kún fún un.

Èyí tí ó funfun bí ehín ni kí ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò dáadáa. Egungun a máa ní ihò wínníwínní tàbí ìlà dúdú kéékèèké lára. Eyín erin a máa ní ìlà tó ń kọjá lórí ara wọn bí àwọ̀n. Ẹ má ṣe fi omi fọ èyíkéyìí nínú méjèèjì, torí wọ́n ń mu omi, wọ́n ń wú, wọ́n sì ń sán. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tó rọ̀ ti tó fún wọn. Bó bá sì jẹ́ eyín erin ni, òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú: láti oṣù kìíní 2022 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fún títà rẹ̀ pọ̀ gidigidi, nítorí náà ẹ béèrè ìwé tí òfin ń fẹ́ kí ẹ tó gbé e jáde. Ike àtijọ́ kan tún wà tó máa ń rùn bí káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn yòókù, ẹ má sì jẹ́ kó súnmọ́ iná, nítorí ó ń yára gbiná ju bébà lọ.

Wàyí o, ti amọ̀. Ẹ mú èyí tó burú jù lọ nínú wọn, tí kò ní dun ni bó bá bàjẹ́, ẹ fi dán an wò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọn eruku rẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà ẹ bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ kékeré, ẹ kán ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ sí i, ẹ̀kán kan péré. Ṣíìpù kọ́ ni ẹ ó kì bọ omi o; búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ni, èyí tó rọ̀ bíi ti ọmọdé. Ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù, kí ẹ wá máa fi ra etí àti ojú ṣíìpù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ yẹra fún lẹ́tà wúrà. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ fi gbígbẹ nù ún lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì nínú yàrá títí di ọjọ́ kejì. Ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Mo mọ̀ pé òtútù ń mú wa, ṣùgbọ́n ooru yẹn a máa ká amọ̀ kò bí àkàrà. Bí bébà bá wà láàárín ojú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí omi kan ibẹ̀ rárá. Bílíìsì a máa ṣí àwọ̀. Omi tí àwọn obìnrin fi ń pa kútẹ́ẹ̀sì rẹ́ a máa yọ́ ike. Kànìnkànìn funfun tí wọ́n ní ó ń pa gbogbo àbàwọ́n rẹ́ kò yàtọ̀ sí yangí wẹ́wẹ́. Àbàwọ́n tó bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn fífọ̀, amọ̀ lè hu funfun bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò para. Àwọn kan a máa fi òróró ọmọdé díẹ̀ pa á, kí wọ́n tó nù ún kúrò. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí èyí. Lójú tèmi, bó bá jẹ́ èyí tí a fẹ́ máa fi ta káàdì nílé ni, kò burú; bó bá jẹ́ èyí tí a fẹ́ tà, ẹ fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ, kí ẹni tó fẹ́ rà á rí i bó ṣe rí.

Níbi tí ọ̀rọ̀ títà dé yìí, àbúrò, jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Àwọn tó ń kó ṣíìpù jọ ní ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà láti 1988, wọ́n sì ń ra nǹkan ní owó gidi, ṣùgbọ́n èyí tó ní orúkọ ilé tẹ́tẹ́ tó ti kógbá sílé ni wọ́n ń wá jù. Àpótí ṣíìpù ilé tí kò ní orúkọ kankan lára kì í sábà san owó ilé-ìwé. Má gbé gbogbo ìrètí rẹ lé e. Tọ akápò ẹgbẹ́ wa lọ kí táàmù tó wọlé, ohùn rẹ̀ le ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dára. Kí o sì tó gbé àpótí náà níbikíbi, padà lọ bá ìyá onílé rẹ. Sọ fún un pé o ń ronú àtità. Ìwọ ló fún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló wà lára wọn, ó sì lè jẹ́ pé yóò fẹ́ mú ọ̀kan padà. Bi í léèrè ibi tí ọkọ rẹ̀ ti rí wọn, àwọn wo ló ń bá a ta káàdì, àti ní ọdún wo. Kọ gbogbo rẹ̀ sí bébà kan, kí o fi í sínú àpótí náà. Bébà yẹn lè níye lórí ju ọṣẹ lọ.

Pípamọ́ kò le. Ẹ má lo ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bí bàtà òjò tuntun, nítorí PVC ni, ohun tó ń jáde lára rẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ike, a sì máa sọ owó bàbà di àwọ̀ ewé. Ẹ má fi rọ́bà dì wọ́n. Ẹ má gbé wọn sójú fèrèsé, ẹ má sì fi wọ́n sí yàrá òkè àjà tàbí ìtòsí ilé ìwẹ̀. Ọ̀rinrin ìlú yìí lè mú kí bàtà bu nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mélòó-mélòó ni bébà àti egungun. Àpò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi, tí a máa ń bá nínú páálí bàtà, ẹ má sọ ọ́ nù mọ́, ẹ jù ú sínú àpótí náà.

Èyí kan àwa tí kò ní ṣíìpù pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló mú owó ẹyọ àti owó àtijọ́ wá láti ilé, tí ìyá àgbà dì sínú aṣọ. Ogójì ẹyọ lórí okùn kan, okùn márùn-ún di igba, igba mẹ́wàá di ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ka owó nílé wa. Ànínì olójú ihò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wo ọdún ara rẹ̀ dáadáa: bó bá jẹ́ 1936, ó lè jẹ́ orúkọ Edward VIII ló wà lára rẹ̀, ọba tó fi orí oyè sílẹ̀ kí wọ́n tó dé e ládé. Ẹ má fi Brasso pọ́n ọn. Bó bá dán gbinrin, ẹni tó mọ owó àtijọ́ kò ní rà á ní iye tó yẹ ẹ́ mọ́.

Owó ẹyọ ní ọ̀tá tirẹ̀. Ní 1899 ni Byne, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń kó ìkarahun jọ, kọ̀wé lórí ìyẹ̀fun funfun kíkan kan tó ń jẹ ìkarahun nínú dúrọ́ọ̀. Ó rò pé kòkòrò tín-ínrín ló fà á. Ìwádìí ẹ̀yìn ọ̀la fi hàn pé atẹ́gùn kíkan tó ń jáde lára igi, pàápàá igi óòkù, àti lára páálí ni. Ilé àtijọ́ ní Dublin kò sì ṣàìní dúrọ́ọ̀ óòkù. Ẹ kó ẹyọ yín kúrò níbẹ̀ lálẹ́ òní, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n, ẹ kó wọn sínú ike líle tó ní ìdérí, kí ẹ sì máa ṣí i lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i.

Lóṣù tó ń bọ̀, aṣọ òkè àti kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ ni a ó fàbọ̀ sí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé.