Ẹ Má Fi Fóònù Rọ́pò Ìpàdé Ọmọ Ìlú ní Sókótó

Èrò kan ń gbilẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí Yorùbá dá sílẹ̀ ní Òkè Ọya, ó sì ti ń kanlẹ̀kùn ní Sókótó pẹ̀lú. Àwọn tó gbé èrò náà dání ń béèrè pé kí la tún ń kóra jọ sí gbọ̀ngàn fún lóṣooṣù? Ẹni tó fẹ́ san owó ẹgbẹ́, kó fi ránṣẹ́ láti báńkì. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bímọ, kó kéde rẹ̀ lórí WhatsApp, kí gbogbo ẹgbẹ́ sì kí i níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ṣaláìsí, kí akápò fi owó ránṣẹ́ sí ìdílé rẹ̀, ó parí. Ìnáwó lásán ni wọ́n ka ìrẹsì, àga yíyá àti gbohùngbohùn sí. Mo mọ ohun tó bí èrò yìí, n kò sì fojú yẹpẹrẹ wò ó. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé bí a bá gba ìmọ̀ràn náà wọlé, ẹgbẹ́ á kú sí wa lọ́wọ́, nítorí ìrànlọ́wọ́ tí à ń ṣe fún ara wa kò dúró lórí owó nìkan. Orí kí á mọ ara wa ló dúró lé, ibi ìpàdé la sì ti ń mọ ara wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ibi tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe jìn tó. Muhammad Bello ló tẹ Sókótó dó ní 1809, ìlú ìmọ̀ àti ẹ̀sìn ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á ní 1903, ṣùgbọ́n ojú irin tí wọ́n là láti Zaria gba Gusau kọjá, Kaura Namoda ló parí sí ní 1929. Kò dé Sókótó títí di òní. Láyé ìgbà náà, oníṣòwò tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà tàbí Ìlọrin ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà kó tó wá mọ́tò tí yóò gbé e dé ibi tó ń lọ. Lónìí, títì A1 ló so wá pọ̀: ó gbéra láti Èkó, ó gba Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Jẹ́bà, Mókwá àti Kontagora, ó la Sókótó kọjá dé ẹnubodè orílẹ̀-èdè Niger, gbogbo rẹ̀ sì tó bí 1,000 kìlómítà. Ẹni tí irú ọ̀nà báyìí wà láàárín òun àti ẹbí rẹ̀, bí ibà bá dá a dùbúlẹ̀ láàárọ̀ yìí, kò lè retí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kó tó di alẹ́. Bẹ́ẹ̀ bí Mùsùlùmí bá kú láàárọ̀, kí wọ́n tètè sin ín ni ẹ̀sìn ní kí á ṣe. Ta ni yóò wẹ̀ ẹ́, ta ni yóò dúró ti opó, ta ni yóò pe ilé? Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú fi di ẹbí kejì fún ẹni tó wà nídàálẹ̀.

Ẹ wo bí ìpàdé náà ṣe máa ń lọ. Àdúrà ni wọ́n fi ń ṣí i, lọ́pọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀mejì, ti Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì, nítorí ọmọ ìlú kan náà ni gbogbo wọn. Akọ̀wé á ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, á wá pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó pẹ́ dé á san owó ìtanràn. Akápò á ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ilé, ẹni tí nǹkan kan kò bá yé á sì dìde béèrè. Bí wọ́n bá pe orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn, ẹnìkan á ní, “Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí n kò rí Bàbá lọ́jà o.” Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ń mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ wọn. Ẹni tí àìsàn ń ṣe, tí owó oògùn ti tán lọ́wọ́ rẹ̀, ṣọ̀wọ́n ni yóò kọ ọ́ síbi tí 200 ènìyàn ti lè kà á. Ojú á máa tì í. Àga rẹ̀ tó ṣófo ló ń bá a sọ ọ́. Nígbà tí oúnjẹ bá wá dé, tí àwọn ìyá ẹgbẹ́ ń bu ìrẹsì, tí wọ́n ń pín zóbò, ni ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ètò ìpàdé máa ń jáde: ẹnìkan ń wá ṣọ́ọ̀bù, onílé fẹ́ lé ẹnìkan jáde, ọmọ ẹnìkan láti ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ààyè ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, kò sì mọ ẹni tí yóò dé sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń pe oúnjẹ yẹn ní ìfiṣòfò kò tíì ro iṣẹ́ tó ń ṣe.

Kì í ṣe òní ni Yorùbá ti mọ̀ pé ìgbẹ́kẹ̀lé ń fẹ́ ojúkojú. Samuel Johnson ṣàlàyé èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: iye kan náà ni kálukú ń dá, ní àkókò kan pàtó, ní ibi kan pàtó, lábẹ́ olórí kan, wọ́n á sì kó àpapọ̀ rẹ̀ fún ẹnìkan lẹ́yìn ẹnìkan títí yóò fi kárí. Bí a bá rò ó, ẹni tó kọ́kọ́ kó owó yẹn lè sá lọ. Kò tọwọ́ bọ̀wé, kò sì fi nǹkan dúró. Ohun tó mú un padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì ni pé ó mọ̀ pé gbogbo ojú tó rí òun nígbà tí òun ń gbowó ni yóò tún rí àga òun bí òun kò bá wá. Ètò yìí lágbára débi pé àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun, tí àwọn ará Trinidad àti Bahamas sì ń dá a títí di ìsinsìnyí. Bí a bá yọ ìpàdé kúrò nínú rẹ̀, a ti yọ onídùúró rẹ̀ kúrò.

Ẹni tó fẹ́ já mi nírọ́ lè tọ́ka sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì yẹ kí á gbọ́ ọ. Níbẹ̀, ẹgbẹ́ alájọṣe bíi Oddfellows ti Manchester Unity, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1810, ń pàdé ní lọ́ọ̀jì, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọ́n sì ń rán ènìyàn lọ bẹ aláìsàn wò. Ìbẹ̀wò yẹn ń tu aláìsàn nínú, ó sì ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ mọ ẹni tó ń díbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mìíràn tún wà, Hearts of Oak, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1842. Kò ní lọ́ọ̀jì, kò ní àsè, síbẹ̀ ó di ọ̀kan nínú àwọn tó tóbi jù lọ. Ṣé èyí kò fi hàn pé ẹgbẹ́ lè wà láìsí ìpàdé? Ó fi hàn pé iléeṣẹ́ ìbánigbófò lè wà láìsí ìpàdé. Àwọn akọ̀wé tó ń gba owó oṣù ló ń bá Hearts of Oak ṣiṣẹ́, òfin ìjọba sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn lọ́ọ̀jì tó kù wá ń ṣófo, òfin ìbánigbófò 1911 àti ètò ìlera ọ̀fẹ́ ti 1948 ti wà nílẹ̀ láti gba aláìsàn mọ́ra. Kí ló wà nílẹ̀ de ìyá tó ń ta aṣọ ní Sókótó? Òfin ìbánigbófò ìlera wa ti 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣòwò lọ́jà ni kò tíì sí lábẹ́ rẹ̀. Títí òfin náà yóò fi kárí, ẹgbẹ́ ni ìbánigbófò wọn.

Àwọn àgbà ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó wà lápò ṣòkòtò. Àwọn tó fẹ́ kí ìpàdé dópin gbà pé fóònù ni nǹkan inú àpò náà. Ohun tójú ti rí lágbègbè yẹn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, nígbà tí ìjọba ń gbógun ti àwọn agbébọn, wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní gbogbo Zamfara, wọ́n sì pa á ní ìjọba ìbílẹ̀ 14 ní ìpínlẹ̀ Sókótó. Ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé orí WhatsApp nìkan ló wà, lọ́jọ́ náà kò sí mọ́ fún ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà, owó kò sí nílẹ̀, ọ̀pọ̀ owó tí a fi ránṣẹ́ láti báńkì kò sì tètè dé. Ẹni tó rí oúnjẹ jẹ nígbà náà ni ẹni tí aládùúgbò mọ̀, tó sì gbẹ́kẹ̀ lé débi pé ó ta ọjà fún un láwìn. Nígbà tí iná jó ọjà àárín ìlú Sókótó ní oṣù Kìíní 2021, ọjà ọ̀pọ̀ ènìyàn di eérú lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀, oníṣòwò ń wá ẹni tí yóò gbé ọjà lé e lọ́wọ́ kó tó rówó san, ẹni tó mọ ìwà rẹ̀ nìkan ló sì lè ṣe é. Fóònù dára fún ìránnilétí, ó dára fún ẹni tó ti kó lọ sí ìlú mìíràn. Kò lè bá wa mọ ìwà ẹni.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti owó, n kò sì ní sá fún un. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ ìdílé ń ṣírò ìrẹsì kọ́ńgò kọ́ńgò. Ẹgbẹ́ tó ń fi dandan mú ènìyàn ra aṣọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, tó ń bínú sí ẹni tó gbàlejò ìpàdé tí kò pa màlúù, ń lé àwọn tó nílò rẹ̀ jù lọ sẹ́yìn. Opó tí kò rówó ra aṣọ kò ní wá. Bí kò bá wá, a kò ní mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ níyà. Ṣùgbọ́n àṣejù ni ẹ̀bi èyí, kì í ṣe ti ìpàdé. Mọ́ínmọ́ín àti zóbò tó fún ìpàdé. Kí aṣọ ẹgbẹ́ jẹ́ ti ẹni tó bá wù, kí iye tí olùgbàlejò lè ná ní òpin tí gbogbo ilé fọwọ́ sí, kí èyí tó bá ṣẹ́ kù sì bọ́ sínú àpò aláìsàn.

Àwọn mìíràn ní ìpàdé ọmọ ìlú ń dá ẹ̀yà sílẹ̀, pé kí Yorùbá tó wà ní Sókótó wọnú ìlú tó gbà á. Mo gbà pé ó yẹ kí àlejò bọ̀wọ̀ fún onílé. Ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé àlejò tó ní ẹgbẹ́ ló rọrùn fún onílé láti bá gbé. Sábó Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1916 fún àwọn Hausa, ní olórí tirẹ̀ àti ìpàdé tirẹ̀. Abner Cohen kọ odidi ìwé nípa rẹ̀ ní 1969, ó sì fi hàn bí ìṣọ̀kan yẹn ṣe gbé òwò màlúù àti obì ró. Bí aáwọ̀ bá ṣẹlẹ̀, Ìbàdàn mọ ẹni tí yóò ránṣẹ́ pè. Bákan náà, ní àwọn ìlú Hausa, Sarkin Yarbawa ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan Yorùbá, olórí kò sì lè sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn tí kì í rí. Ohun tó yẹ ni pé kí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ṣí: kí wọ́n pe mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò, àti àwọn aládùúgbò síbi ìkómọ àti àjọ̀dún, kí wọ́n sì jókòó pẹ̀lú wọn. Ó yẹ kí á rántí Gánà pẹ̀lú, nítorí onílé lè yí ọkàn padà lójijì. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia, tó ń ṣàkóso Gánà nígbà náà, fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ti gbó síbẹ̀ ni wọ́n lé. Ẹni tó ti ń bá ẹgbẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ dáwó fún iṣẹ́ ilé kò padà dé bí àjèjì. Ìpàdé ìdálẹ̀ ló so wọ́n mọ́ ilé.

Ti àwọn ọ̀dọ́ ló kù. Òótọ́ ni pé wọn kì í wá, tí wọ́n bá sì wá, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n bí sí Sókótó, tí Hausa dá ṣáká lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ, tí ìpàdé sì jẹ́ ibi tí àgbàlagbà ti ń jà sórí ipò. Kí ẹgbẹ́ fún wọn níṣẹ́: kí ọmọ tó mọ ìṣirò di igbákejì akápò, kí ọmọbìnrin tó kàwé máa kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, kí àwọn àgbà máa fi ìṣẹ́jú mélòó kan kọ́ wọn ní oríkì ìlú wọn. Ọmọ tí ẹgbẹ́ kò mọ̀ lónìí kò ní dáwó fún ẹgbẹ́ lọ́la, ì báà jẹ́ láti gbọ̀ngàn tàbí láti orí fóònù.

Nítorí náà, mo ń bẹ àwọn alága, àwọn ìyá ẹgbẹ́ àti àwọn akọ̀wé: bí ẹnikẹ́ni bá mú àbá wá pé kí á dín ìpàdé oṣooṣù kù sí ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé yín. Ẹ wo gbogbo ẹni tí ẹgbẹ́ ràn lọ́wọ́ láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí ẹ sì bi ara yín léèrè bí ẹ ṣe gbọ́ nípa wàhálà rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹni náà fúnra rẹ̀ ló fi fóònù kéde ìpọ́njú rẹ̀, ẹ gba àbá náà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan ló ṣàkíyèsí i nípàdé, ẹ dín ìnáwó kù, ẹ má dín ìpàdé kù.