Ọmọ Tó Dáa, Ẹ Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Zaria, ọ̀rọ̀ chips la bá wá lónìí, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, a ra chips kan ní gáréèjì Kwangila. Ànàmọ́ Jos ni, yájì ni wọ́n fi sí i, bí ìgbà téèyàn ń jẹ súyà ni. Àwa tá a ti ń ta chips Èkó ní Sabon Gari láti ọjọ́ yìí, a ò tọ́ irú ẹ̀ wò rí. A kó ọ̀rá mẹ́fà lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kílẹ̀ tó ṣú, ó ti tán. Wọ́n ní ká kó páálí méjì wá.

A padà dé Kwangila, a ò rí ọmọ tó ń tà á mọ́. A bi àwọn tó kù, "Ban sani ba" ni gbogbo wọn ń wí. A yẹ ọ̀rá náà wò: kò sórúkọ, kò sí nọ́ńbà fóònù, kò sí ti NAFDAC. Owó wà lọ́wọ́ wa, a ò rẹ́ni gbé e fún.

Ohun tó ń dùn wá nìyí. Ọjà Èkó ò dùn ju tiwa lọ, orúkọ ni wọ́n fi jù wá lọ. Àwọn ìyàwó wa ń dín ìpékeré àti kúlíkúlí nílé, ọ̀rá lásán ni wọ́n ń dì í sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ sí i, ẹ lọ gba nọ́ńbà NAFDAC. Ọmọ tá ò sọ lórúkọ, báwo la ṣe fẹ́ pè é kó dáhùn?

Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń ṣe chips yìí, kó jẹ́ ká gbọ́ o.