Frein tó rọ̀ lẹ́sẹ̀, kì í ṣe ayé: afẹ́fẹ́ ni

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè bí àwọn kan nínú. Kó bí wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á dópin.

Àwa olùkọ́ mẹ́rin la jọ ń wọ ọkọ̀ kan lọ síléèwé. Ọ̀kan nínú wa ló ni ín. «Venu de France» ni, bíi ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà lójú ọ̀nà wa. Étrier táyà iwájú lápá ọ̀tún há, ó ń di disque mú, táyà ń gbóná. A gbé ọkọ̀ lọ sí gáráàjì kan. Wọ́n pààrọ̀ étrier náà, wọ́n gbowó, wọ́n ní: «Ẹ máa lọ, frein yẹn á le tó bá yá.» Lọ́jọ́ kejì, lásìkò tí àwọn ọmọ ń jáde níléèwé, pédálì rì dé ilẹ̀ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Frein à main àti òkìtì yanrìn kan lẹ́bàá ọ̀nà ló gbà wá. Kò sí ọmọ tó fara pa. Ṣùgbọ́n láti ibi òkìtì yanrìn yẹn dé ibi tí àwọn ọmọ wà, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

Kí ni àwọn tó péjọ sọ? Wọ́n ní ayé ni. Wọ́n ní ká lọ wádìí ẹni tó ń jowú ọlọ́kọ̀. Àwọn àgbà wa ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, àwa mọ àjẹ́ tó ké lánàá. Wọ́n tú ọ̀nà liquide de frein lánàá, afẹ́fẹ́ wọ ibẹ̀, wọn kò yọ ọ́. Ìyẹn ló ké, òun náà ló fẹ́ pa ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé rẹ̀ bí a ṣe ń ṣàlàyé fún ọmọ kíláàsì. Ẹ mú sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ fa omi kún un, ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ tì í: kò ní lọ. Ẹ da omi náà nù, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ nìkan wà nínú rẹ̀, ẹ tún dí i, kí ẹ tì í: á wọlé, á tún ta padà. Bí frein ṣe rí nìyẹn. Liquide ló ń gbé agbára ẹsẹ̀ wa láti pédálì dé étrier. Tí afẹ́fẹ́ bá wà láàárín, ẹsẹ̀ wa á kàn máa fún afẹ́fẹ́ pọ̀ ni, plaquettes kò ní di disque mú. Étrier tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè sí ọkọ̀, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Nítorí náà «á le tó bá yá» irọ́ ni. Afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀ kò ní jáde bí kò ṣe pé ẹnìkan yọ ọ́.

Nígbà tí a tú táyà ọkọ̀ wa, a rí ohun tó burú ju èyí lọ. Purgeur, ìyẹn bóòtù kékeré tí a ń tú kí afẹ́fẹ́ lè jáde, nísàlẹ̀ étrier ló wà. Wọ́n ti fi étrier apá òsì sí apá ọ̀tún! Ó wọlé, àwọn bóòtù rẹ̀ sì bá a mu, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi fura. Ṣùgbọ́n òkè ni afẹ́fẹ́ máa ń lọ. Bí ẹ bá ń purgé irú étrier bẹ́ẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́, liquide á máa jáde nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á jókòó sókè bí ọba.

Àwọn kan á sọ pé: «Olùkọ́, ẹ gbájú mọ́ pátákó yín, ẹ fi iṣẹ́ mécano sílẹ̀ fún mécano.» A gbọ́. A ò bú mécano. Mécano gidi wà láàárín wa, òun fúnra rẹ̀ á ní kí ẹ wá jókòó bá òun tẹ pédálì. Ẹni tí à ń bá wí ni ẹni tó ń tẹ pédálì lẹ́ẹ̀mẹta, tó ní ó ti dáa, tó na ọwọ́ fún owó. À ń bá ara wa wí pẹ̀lú, àwa ọlọ́kọ̀ tó ń sọ pé kí wọ́n ṣe kíá, tí a ní ká má ra liquide tuntun, ká lo èyí tó ṣẹ́kù. Awakọ̀ tó ti sọ ọ́ di àṣà láti tẹ frein lẹ́ẹ̀mejì kó tó dúró, tó ń pè é ní ìmọ̀ ọkọ̀ wíwà, òun náà wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí kò ju agbára èèyàn méjì lọ nínú àgbàlá. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì kú, kí òkúta dí àwọn táyà yòókù. Ọkọ̀ tó jẹ́ pé cric nìkan ló gbé e dúró, ẹ má ki ara bọ abẹ́ rẹ̀; ẹ fi chandelle sí i. Ẹ ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara bọ ẹnu purgeur, kí ẹ ri etí rẹ̀ kejì sínú ìgò tí liquide díẹ̀ wà. Ẹnìkan wà lórí pédálì, ẹnìkan wà nídìí táyà. «Ẹ tẹ̀ ẹ́.» Ó tẹ̀ ẹ́, ó dúró lé e. Ẹni tó wà nídìí táyà tú purgeur díẹ̀, liquide pẹ̀lú ìfófòó jáde, ó dè é padà. Ìgbà yẹn ni yóò tó ní: «Ẹ gbé ẹsẹ̀.» Ẹni tó bá gbé ẹsẹ̀ kí purgeur tó dè, ó ti fa afẹ́fẹ́ mìíràn wọlé. Ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ títí ìfófòó á fi tán. Ọkọ̀ tó bá ti gbó, ẹ fi pákó kékeré sábẹ́ pédálì kó má baà lọ dé ilẹ̀, nítorí ó lè ba rọ́bà inú maître-cylindre jẹ́. Kí ojú yín má kúrò lára ìkòkò liquide lókè. Tó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á tún gba ibẹ̀ wọlé. Tí ọkọ̀ bá sì ní ABS, ó lè gba kọ̀ǹpútà gáráàjì kó tó jáde.

Liquide náà ńkọ́? DOT 3 àti DOT 4 máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ sára. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 230 °C. Èyí tó ti fa omi lè máa hó ní nǹkan bí 155 °C. Nígbà tí ọkọ̀ bá kún fún èèyàn àti àpò àgbàdo, tí frein sì gbóná, liquide ògbólógbòó á hó, ooru rẹ̀ á di afẹ́fẹ́ nínú ọ̀nà. Pédálì á tún rì. Nítorí náà, ìgò tó ti wà ní ṣíṣí lábẹ́ tábìlì gáráàjì láti oṣù mẹ́fà, ẹ má gbà á. Ẹni tó bá ní kí ẹ da omi ọṣẹ tàbí òróró ẹ́ńjìnnì sí i, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ọṣẹ á dípẹtà, òróró ẹ́ńjìnnì á mú rọ́bà wú. Irú liquide tí ọkọ̀ ń fẹ́ wà lára ìdérí ìkòkò rẹ̀.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin. Ṣé òkè étrier ni purgeur wà? Ṣé ojú yín ni wọ́n ti ṣí ìgò liquide? Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, ṣé pédálì le, kò sì rì bí ẹ ṣe dúró lé e? Nígbà tí ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ṣé ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ péré, tó sì dúró síbẹ̀? Tí ìdáhùn ọ̀kan bá jẹ́ rárá, ọkọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kọ́kọ́ dán an wò jẹ́jẹ́ níbi tí kò sí èèyàn, kí ẹ tó bọ́ sí títì.

Àwa ti pààrọ̀ étrier tiwa sí èyí tó tọ́, a purgé rẹ̀ fúnra wa lọ́jọ́ Sátidé kan, nǹkan bíi wákàtí méjì ló gbà. Wákàtí méjì ni ẹni yẹn kò fẹ́ lò, tí òkìtì yanrìn fi gba ọmọ ọlọ́mọ là. Yanrìn kì í fi gbogbo ìgbà wà lẹ́bàá ọ̀nà o.