Ìkéde Ọmọ Tí A Jí Gbé: Kò Yẹ Kí Ó Mọ Sí Orí Facebook

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Orí òwe yìí gan-an ni ìkéde pàjáwìrì fún ọmọ tí a jí gbé dúró lé. Gbọ́mọgbọ́mọ lè sá pamọ́ fún ọlọ́pàá mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti sá pamọ́ fún odindi ìlú. Kí odindi ìlú tètè mọ ẹni tí wọ́n ń wá ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1996, wọ́n jí Amber Hagerman, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, gbé ní ìlú Arlington ní Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n rí òkú rẹ̀. Láti inú ọ̀fọ̀ yìí ni ètò AMBER Alert ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ tó sọnù ni wọ́n ń kéde bẹ́ẹ̀, nítorí ariwo àríìgbọdọ̀wí ń di etí ènìyàn. Ó gbọ́dọ̀ dá ọlọ́pàá lójú pé ńṣe ni wọ́n jí ọmọ náà gbé, kí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu, kí àpèjúwe tí aráàlú lè lò sì wà nílẹ̀. Bí èyí bá ti pé, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n yóò gbé e. Láti ọdún 2013, ó tún ń dún lórí foonu: òpó ìbánisọ̀rọ̀ ń fọ́n ọ̀rọ̀ náà sí àwọn foonu tó wà ní àgbègbè rẹ̀, láìlo dátà, láìbéèrè nọ́ńbà ẹnikẹ́ni.

Ìkánjú náà nídìí. Ìwádìí tí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ Washington gbé jáde ní 2006 fi hàn pé, nínú àwọn ọmọ tí wọ́n jí gbé tí wọ́n sì pa, 76 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kú kí wákàtí mẹ́ta tó pé. Ẹni tó bá sọ fún òbí pé kí ó lọ dúró di ọ̀la ti fi ẹ̀mí ṣeré.

Nàìjíríà náà ti gbé ìgbésẹ̀. Ní 2024, NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò, dara pọ̀ mọ́ iléeṣẹ́ Meta láti mú AMBER Alert wá sórí Facebook àti Instagram. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n kò tó.

Ẹ wo Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé ọmọ kúrò nílùú, irú oríta bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa gbà. Ta ni yóò rí i? Awakọ̀ ni, ọlọ́kadà ni, ìyá tó ń ta ọjà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni. Púpọ̀ nínú wọn kò sí lórí Facebook lásìkò iṣẹ́; foonu ẹlòmíràn kò gbé e, dátà ẹlòmíràn ti tán. Ojú tó yẹ kó rí ọmọ náà kò gbọ́ ìkéde.

Níbi tí ìkéde tòótọ́ kò bá sì dé, àhesọ ni yóò gba ibẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019, ọmọdé kan sọnù nínú ilé ìjọsìn kan ní Àkúrẹ́. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n gbé e kiri pé wọ́n ti hú òkú rẹ̀ lábẹ́ pẹpẹ. Àwọn èrò tí inú ń bí dáná sun ilé ìjọsìn náà. Àwọn ọlọ́pàá ní irọ́ ni ọ̀rọ̀ òkú náà.

Nítorí náà, ó yẹ kí àjọ NCC pa á láṣẹ fún àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ láti máa fi òpó wọn gbé irú ìkéde yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Kí Orísun FM àti Great FM ní Ifẹ̀ máa dá ètò dúró láti kà á lédè Yorùbá. Kí ó dé gáréèjì kí ọkọ̀ tó gbéra. Ọlọ́pàá nìkan ni kí ó máa fọwọ́ sí i, kí wọ́n sì kéde bákan náà nígbà tí wọ́n bá rí ọmọ.

Láyé àtijọ́, agogo akéde kì í béèrè bóyá ènìyàn ní dátà kí ó tó dún sí i létí. Bí a bá fẹ́ kí igba ènìyàn wo ọmọ, ẹ jẹ́ kí igba ènìyàn gbọ́.