Àmì Ẹ̀yẹ Paralympics: Láti Ilé Ìwòsàn Ni Ó Yẹ Kí Ọ̀nà Pápá Ti Bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ikọ̀ eléré ìdárayá orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ìdíje Olympics ìlú Paris, ní ilẹ̀ Faransé, bọ̀ láìgba àmì ẹ̀yẹ kankan. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ikọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá dé ìlú kan náà fún ìdíje Paralympics, wọ́n sì gba àmì ẹ̀yẹ méje: wúrà méjì, fàdákà mẹ́ta àti idẹ méjì. Fọláṣadé Olúwafẹ́miayọ̀ gbé irin tó wọn kílógíráàmù 167, èyí tó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Títí di ìgbà náà, kò tíì sí obìnrin kankan ní ìpele tirẹ̀ lágbàáyé tó gbé irú rẹ̀ rí. Onyinyechi Mark náà gba wúrà nígbà tó gbé kílógíráàmù 150, òun náà sì fi àkọsílẹ̀ tuntun lélẹ̀. Ní ti Mariam Ẹniọlá Bọ́lájí, idẹ tó gbà nínú eré badminton sọ ọ́ di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú eré náà ní Paralympics.

Èyí kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀. Ní ìlú London ní ọdún 2012, òfo ni ikọ̀ Olympics wa mú bọ̀, ṣùgbọ́n àmì ẹ̀yẹ mẹ́tàlá ni àwọn akàndá ẹ̀dá gbà, mẹ́fà nínú rẹ̀ sì jẹ́ wúrà. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ti dé, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé iṣẹ́ ìyanu ni. Ìyìn yẹ àwọn eléré náà, ṣùgbọ́n pípè é ní iṣẹ́ ìyanu kì í jẹ́ kí a béèrè ìbéèrè tó yẹ: níbo ni agbára yìí ti ń wá, báwo sì ni yóò ṣe pẹ́ tó?

Ẹ jẹ́ kí a wo iye náà dáadáa. Ní Rio de Janeiro ní ọdún 2016, àmì ẹ̀yẹ méjìlá ni Nàìjíríà gbà, wúrà mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ní ìdíje Tokyo, tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà sún sí ọdún 2021, mẹ́wàá ni a gbà, wúrà mẹ́rin. Ní Paris, ó di méje, wúrà sì di méjì. Mẹ́jọ, mẹ́rin, méjì: ìdajì ni wúrà wa ń dín kù ní ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ràn orílẹ̀-èdè yìí ronú sí i.

Irin gbígbé ni eré tó ti ń mú ẹ̀yẹ wá jù lọ. Mẹ́fà nínú wúrà mẹ́jọ tí a gbà ní Rio, inú eré yìí ló ti wá. Eléré yóò dùbúlẹ̀ lórí ìjókòó gbọọrọ, yóò gba irin náà sọ̀kalẹ̀ dé àyà rẹ̀, yóò sì tún fi apá méjèèjì tì í lọ sókè. Kò béèrè ohun èlò tó pọ̀, nítorí náà ó ṣe é ṣe ní orílẹ̀-èdè tí owó eré ìdárayá kò ti pọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti gbé irin fún Nàìjíríà ló jẹ́ ẹni tí àrùn rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀ bá jà ní kékeré.

Kòkòrò àrùn yìí máa ń gba inú omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kó àbàwọ́n bá wọ ara ọmọdé, pàápàá ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Nínú nǹkan bí igba ènìyàn tó bá wọ̀ lára, ọ̀kan ni yóò sọ di arọ láìní ìwòsàn, nítorí pé ó máa ń ba àwọn fọ́nrán inú ọ̀pá ẹ̀yìn tó ń rán iṣan ní iṣẹ́ jẹ́. Ẹsẹ̀ ni ó sábà máa ń mú. Ọmọ tó bá ti ń fi apá nìkan gbé ara rẹ̀ láti kékeré, bí ó bá dàgbà tí ó sì rí ẹni kọ́ ọ, apá náà lè di apá akọni.

Òótọ́ ọ̀rọ̀ tó korò ni pé lára ẹ̀yẹ tí a fi ń yangàn jẹ́ ìkórè láti oko tí a kò gbìn. Ìwà àìbìkítà wa sí àjẹsára ló gbin ín, àwọn ọmọ wọ̀nyí sì fi ìgboyà tiwọn sọ ọ́ di ohun ìyìn. Ní ọdún 2003, àwọn ìpínlẹ̀ kan ní àríwá Nàìjíríà dá àjẹsára náà dúró nítorí àhesọ, àrùn náà sì tàn láti ibẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ìròyìn ayọ̀ ni pé oko náà ti ń gbẹ. Ọdún 2016 ni a rí ẹni ìkẹyìn tí kòkòrò àrùn náà ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ bá jà ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Borno, àti pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yà tó máa ń jẹ yọ láti ara àjẹsára tí a ń kán sẹ́nu, tí ó sì ń tàn níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gba àjẹsára, ṣì ń sọ àwọn ọmọ di arọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2024. Igi gaǹgaǹran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó wá: kí òbí má ṣe fi ẹ̀kán àjẹsára ọjọ́ ìbí, ti ọ̀sẹ̀ kẹfà, ti ìkẹwàá àti ti ìkẹrìnlá ṣeré. Bí àìsí àrùn yìí bá dín àmì ẹ̀yẹ kù, kí ó dín in kù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé àwọn akàndá ẹ̀dá ti tán láàárín wa. Jàǹbá ọkọ̀ àti ọ̀kadà ń gé ẹsẹ̀. Àtọ̀gbẹ tí a kò tọ́jú ń sọ egbò kékeré di ẹsẹ̀ tí a óò gé. Abẹ́rẹ́ tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gún bá gún ọmọdé ní ìdí lè ba iṣan tó ń gbé ẹsẹ̀ jẹ́, ibà lásán ni wọ́n sì gbé ọmọ náà wá fún. Ohun tó sọnù ni ọ̀nà tí ó yẹ kí ó mú irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn dé pápá ìṣeré.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Port Harcourt ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 2011, ìlú náà gba ìdíje eré ìdárayá gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà lálejò. Eré àwọn akàndá ẹ̀dá wà lára irú ìdíje bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń kọ́kọ́ fi agbára hàn. Port Harcourt ní pápá ìṣeré ńlá, ó sì ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ yunifásítì. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan bá ń fi ọwọ́ wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ ní Mile 1, ta ni yóò mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn tó lè fi ìdárayá tọ́jú iṣan rẹ̀, ta ni yóò sì mú un láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ni ní pápá?

Ọ̀nà gan-an tún jẹ́ ìṣòro. Kí òǹkàwé tó ń gbé ní ìlú náà fi ojú inú jókòó sórí àga onítáyà, kí ó gba ọ̀nà Ikwerre láti Mile 1 lọ sí Rumuokoro. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kò fẹ̀ tó láti gba òun àti àga rẹ̀, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì ga, gọ́tà sì wà lẹ́bàá títì. Láàárín ọdún 2019 sí 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ afárá olókè sí àwọn oríta ìlú náà, ọkọ̀ sì ń ré kọjá lórí wọn. Ó tọ́ kí a béèrè ibi tí ẹni tó wà lórí àga onítáyà yóò gbà sọdá nísàlẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó lòdì sí fífi ọwọ́ rọ́ akàndá ẹ̀dá sẹ́yìn. Òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ohun mìíràn tí akàndá ẹ̀dá nílò. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Kí olúkúlùkù wo ẹnu ọ̀nà ilé ẹjọ́, ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìwòsàn tó wà ní àdúgbò rẹ̀, kí ó sì dáhùn fún ara rẹ̀.

Kò yẹ kí a rò pé nítorí ẹ̀yẹ nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí fi ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ di alẹ́ wà nínú ewu egbò ìdí, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìsanra àsanjù. Eré ìdárayá tó bá ara rẹ̀ mu jẹ́ oògùn fún un. Àwọn eléré pàápàá nílò ìtọ́jú, nítorí èjìká tó ń gbé irin ni ó tún ń yí táyà àga wọn. Bákan náà, àárẹ̀ iṣan tuntun lè dé bá ẹni tí rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀ ti bá jà, lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogójì. Ta ni ń bi wọ́n léèrè nípa ara wọn bí ìlù ayẹyẹ bá ti dákẹ́?

Ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà nílò àtúnṣe. Aláàbọ̀ ara ni a ń pe irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí tẹ́lẹ̀, bí ẹni pé ìdajì ènìyàn ni wọ́n. Ẹni tó gbé kílógíráàmù 167 kì í ṣe àbọ̀ ohunkóhun. Èyí ni a fi yan akàndá ẹ̀dá, ṣùgbọ́n orúkọ tó dára kò lè rọ́pò ọ̀nà tó dára.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọdún 2028, ìdíje Paralympics yóò wáyé ní Los Angeles, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Kí ó tó di ìgbà náà, kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan so ẹ̀ka tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan ní ilé ìwòsàn rẹ̀ mọ́ pápá kan àti olùkọ́ni kan, ó kéré tán. Kí òbí má sì ṣe fi ọmọ pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn nítorí ìtìjú. Bí ẹ bá mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yín, ẹ bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì bá wọn mú un dé ilé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yìí. Bí kò tilẹ̀ gbé irin kankan láyé rẹ̀, ìlera rẹ̀ tó ohun tí a ń ṣe làálàá fún.